Ṣéènì kẹ̀kẹ́ yín nínú ọyẹ́ yìí

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ síbi iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí ṣéènì lásìkò yìí. Ó ki jù. Eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á di ẹrẹ̀ dúdú tí yóò máa ha irin jẹ. Bí tèmi ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Àkísà gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ kán ọ́ìlì máṣíìnì ìránṣọ sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ yí pẹ́dà sẹ́yìn, kí ẹ wá tún un nù.

Láàárọ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ìka tí òtútù ti mú kì í tètè tẹ bíréèkì, pàápàá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mọ́kọ́lá. Ẹ tan iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú, torí awakọ̀ kì í ríran jìnnà nínú kùrukùru.