Àtíbàbà òfì tí mo sọ di kíláàsì lọ́dún Kòrónà

Ẹni tó bá ti gbé Ìsẹ́yìn rí mọ̀ pé ìró òfì kì í dákẹ́ nílùú wa. Láti àárọ̀ ni wàá ti máa gbọ́ ọ láwọn àdúgbò tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè, títí oòrùn á fi wọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ó dákẹ́. Ìgbéyàwó ò sí, ìsìnkú àgbà ò sí, ìwúyè ò sí. Ta ló máa ra aṣọ òkè, kó wọ̀ ọ́ lọ síbo? Àwọn oníbàárà Èkó tí ń wá kó ọjà lọ́dọ̀ wa ò lè wá mọ́. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta ni ìjọba àpapọ̀ ti ti Èkó àti Ògùn pa, nígbà tó sì fi máa di oṣù karùn-ún, ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì ti di èèwọ̀. Òfì wà ní ìdúró, òwú wà lórí òfì, ìjókòó ahunṣọ ṣófo. Ibẹ̀ ni mo ti rí kíláàsì.

Tíṣà ni mí. Iléèwé aládàáni kan ni mo ti ń kọ́ kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ 43 ló sì wà níwájú mi. Nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n ti iléèwé pa ní oṣù kẹta, wọ́n ti owó oṣù mi mọ́ ọn. Wọ́n ní ká máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo fi ránṣẹ́. Ìyá mẹ́sàn-án péré ló ń dá mi lóhùn, nínú mẹ́sàn-án ọ̀hún, ó kéré tán, ẹ̀gbọ́n ló ń bá mẹ́ta ṣe é. Ṣé mi ò mọ ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn ọmọ mi ni?

Ẹ̀kọ́ orí rédíò náà wà. Èmi àti ọmọ mi jókòó tì í lọ́jọ́ kan. Tíṣà orí rédíò béèrè ìbéèrè, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "O káre!" Ọmọ mi ò tíì yanu.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ ra gàrí ni mo gba ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà àgbà ahunṣọ kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá kọjá. Páànù lórí, òpó káàkiri, kò sí ògiri rárá. Òfì mẹ́sàn-án tò lábẹ́ rẹ̀. Bàbá nìkan ló jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ rédíò tirẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Tíṣà, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Bàbá. Ibí yìí ni mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín."

"Ibí yìí? O fẹ́ máa hun aṣọ ni?"

"Ọmọ ni mo fẹ́ kọ́, sà. Márùn-ún lẹ́ẹ̀kan."

Ó wò mí. "Márùn-ún? Ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní iléèwé báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá nawọ́ sí òfì kẹrin. Òwú aláàárì ló wà lórí rẹ̀, wọ́n ti na án jìnnà síwájú, òkúta wà lẹ́nu rẹ̀. "Oníbàárà ti san ìdajì owó èyí kí àrùn tó dé. Ìgbéyàwó ni. Ọmọ tó bá fọwọ́ kan án, èmi àtìwọ la máa jọ sọ ọ́."

Mo ṣèlérí. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá olórí àdúgbò, mo sì lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fi ọlọ́pàá lé wa. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún mi lọ́nà tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní kí n rántí ẹni tó ń mu sìgá. Tó bá mu ún nínú yàrá, èéfín á kóra jọ sókè orí gbogbo yín. Tó bá mu ún níta, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀ díẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé ìyókù lọ. Ó ní bí èémí ẹni tó ní Kòrónà ṣe rí gan-an nìyẹn. Kí n sì jẹ́ kí ọmọ kan jìnnà sí èkejì tó mítà 2, kí wọ́n lo ìbòmú, kí wọ́n fọ ọwọ́, kí ọmọ tó bá ń wúkọ́ dúró sílé.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun, mo rántí pé wọ́n kọ́ wa nígbà tí mo ń kàwé tíṣà. Ní 1904, ní Charlottenburg lẹ́gbẹ̀ẹ́ Berlin ní Jámánì, wọ́n kó àwọn ọmọ tí ara wọn ò le, tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ikọ́ ife lè mú, lọ sínú igbó, wọ́n sì ń kọ́ wọn níwèé lábẹ́ igi. Ìyá ìyá mi náà máa ń sọ ìtàn lùkúlùkú, àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn tó jà ní 1918, bí wọ́n ṣe pìtàn rẹ̀ fún òun. Mo máa ń rò pé àlọ́ ni nígbà yẹn.

Ọmọ 15 ni mo mú, gbogbo wọn láti àdúgbò kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà wọ ọ̀kadà wá. Mo pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́ta: ti agogo mẹ́jọ àárọ̀, ti agogo mẹ́wàá, ti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ lè máa rò pé ìwé kan ló ní kí n mú márùn-ún. Rárá o. Òfì mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Tí ọmọ kan bá jókòó ti àkọ́kọ́, tá a fo èkejì, tí òmíràn jókòó ti ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀kẹsàn-án, márùn-ún ló máa gbà. Ohun tó tún dùn mọ́ mi ni pé òfì kẹrin bọ́ sáàárín, kò sẹ́ni tó máa jókòó tì í.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, la bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ohun tójú mi rí. Márùn-ún ni mo ń retí, 23 ló dé. Àwọn ìyá ti gbọ́ pé "iléèwé ti wọlé", wọ́n sì kó tọmọ tàbúrò wá. Ewúrẹ́ jẹ ìwé aláwòrán tí mo fi òru méjì yà. Mo ti ra okùn mítà 2, mo ta kókó sí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, kí ọmọ méjì máa dì í mú bí wọ́n bá ń rìn lọ síbi omi, kí wọ́n má baà sún mọ́ra. Mo rò pé mo gbọ́n. Nọ́ọ̀sì yà wá wò, ó ní, "Àǹtí, gbogbo ọwọ́ wọ̀nyí lórí okùn kan?" Ojú tì mí. Mo ká okùn, mo lọ ra ẹfun, mo fi sàmì sílẹ̀ níbi tí ìjókòó kọ̀ọ̀kan máa wà àti níbi tí wọ́n máa tò sí kí wọ́n tó fọ ọwọ́. Láti ọjọ́ yẹn, èmi fúnra mi ni mò ń lọ sílé àwọn ìyá láti sọ àkókò fún wọn. Ọmọ kì í jíṣẹ́ tán.

Oòrùn náà fojú mi rí nǹkan. Bọ́ọ̀dù tí mo yá ń dán bí orí apárí. Tí oòrùn àárọ̀ bá ti bà á, kò sí ọmọ tó lè rí ohun tí mo kọ. A gún èédú, a pò ó mọ́ ewé gbágùúdá, a fi pa á bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láyé tí èmi wà ní iléèwé, ó sì pa dídán rẹ̀. Òjò ni mi ò rí oògùn fún. Tó bá ti ń rọ̀ lórí páànù, kódà tí o bá pariwo, ẹni tó wà nídìí òfì kejì ò ní gbọ́ ọ. Ìwé kíkọ nìkan là ń ṣe nígbà yẹn, èmi á máa lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì.

Ní ti owó, ẹni tó bá ní 100 náírà á mú un wá, ẹni tí kò ní á fún mi ní èlùbọ́. Ìyá kan ò jẹ́ kí n ra ẹ̀fọ́ ní gbogbo oṣù mẹ́ta.

Ìṣirò la gbádùn jù. Mo kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pé: bí ìbú ọ̀já aṣọ kan bá jẹ́ ínṣì 4, ọ̀já mélòó la máa rán pọ̀ kí ìró tó fẹ̀ tó ínṣì 56? Wọ́n ṣe é, wọ́n ní 14. Mo ní wọ́n gbà á. Bàbá, tí mo rò pé ó ń tòògbé, ní, "Irọ́ ni." Gbogbo wa yíjú sí i. "Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ṣé abẹ́rẹ́ ò ní jẹ nínú rẹ̀ ni? Tí o bá kó 14 fún mi, ìró rẹ ò ní pé." Ó dìde, ó mú ọ̀já méjì tí wọ́n ti rán pọ̀, ó ní kí ọmọ kan fi rúlà wọ̀n ọ́n. Kò pé 8. A padà sórí bọ́ọ̀dù, a ṣe é títí di 15.

Ọmọ kan wà tí màá pè ní Àṣàkẹ́. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Nínú kíláàsì ọmọ 43, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá ní ó mọ̀wé. Ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́, ó máa ń nawọ́, ohùn rẹ̀ ló máa ń ròkè jù nígbà tí gbogbo wọn bá ń kàwé pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì lábẹ́ àtíbàbà, mi ò rí ìwé kíkà mi mú wá. Mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bébà tí wọ́n fi wé ọṣẹ, mo ní kí wọ́n ka ohun tó wà lára rẹ̀. Nígbà tó kan Àṣàkẹ́, ó wo bébà náà, ó wo ẹnu mi, ó wo ẹnu ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ìbòmú wà lẹ́nu gbogbo wa. Kò sí ẹnu tó máa rí. Ó bú sẹ́kún.

Àṣé ẹnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti ń kà láti ọdún mẹ́ta. Inú bí mi sí ara mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò lè jẹun.

Mo pa Gẹ̀ẹ́sì tì ná nítorí rẹ̀, mo fi Yorùbá kọ́ ọ. Mo rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ Àṣàkẹ́ ti lọ sílé tán nígbà tí èmi àti ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 20 lójúmọ́: ba, bà, bá. Ọ̀já méjì aláwọ̀ méjì ni mo fi ń ṣe àmì ohùn, mo gbé èyí sókè, mo rẹ èyí sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù keje, ó ti ń ka orúkọ ara rẹ̀ láti ara àmì. Kò yára o. Títí tá a fi parí, ó ṣì máa ń gbé ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀.

Ní oṣù kẹjọ, ọ̀nà ti là, ìró òfì bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ahunṣọ gba òfì méjì, lẹ́yìn náà mẹ́ta. Ẹgbẹ́ mi di ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ẹgbẹ́ márùn-ún, ohùn mi sì há. Wọ́n ní iléèwé máa wọlé ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀, Bàbá ń hun òfì kẹrin, ìgbéyàwó ti ní ọjọ́ tuntun. Ó na bébà kan sí Àṣàkẹ́, ó ní òun ò rí ojú bíńsì òun, kó ka ohun tí oníbàárà kọ.

Àṣàkẹ́ gbé ìka sí i. "Ìró... kan. Gèlè... méjì. Ì... bo... rùn... kan."

"Ìpèlé ni àwa ń pè é," Bàbá ní.

"Ìborùn ló wà níbí, Bàbá."

Bàbá gba bébà náà, ó yọ bíńsì kúrò nínú àpò, ó wò ó fúnra rẹ̀. "Ìborùn ni lóòótọ́," ló wí, ó sì ń hun aṣọ rẹ̀ lọ.