Bí mo ṣe wá His Girl Friday tó ṣeé gbọ́ sétí rí

Tẹ́ ẹ bá wá His Girl Friday, fíìmù apanilẹ́rìn-ín àtijọ́ kan láti Amẹ́ríkà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ẹ̀dà tẹ́ ẹ máa rí á fẹ́rẹ̀ẹ́ sú yín. Ohun tó fà á ni pé òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (copyright) tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn fún oníǹkan ní ọdún 28, tí ọdún yẹn bá pé kó lọ tún ìwé ẹ̀ ṣe, fíìmù yìí wá jáde ní January 1940, 1968 dé, Columbia, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ò tún nǹkan kan ṣe, bó ṣe di ti gbogbo ayé nìyẹn o. Látìgbà náà ni àwọn oníkásẹ́ẹ̀tì fídíò àtàwọn oní-DVD olówó pọ́ọ́kú ti ń ṣe ẹ̀dà látara ẹ̀dà, wọ́n ṣe é ṣe é títí ojú Cary Grant, olórí òṣèré ọkùnrin inú ẹ̀, fi funfun bí ẹni tó kun ẹfun.

Àwòrán burúkú ṣì ṣeé fara dà fún mi ṣá. Ohùn ni wàhálà. Howard Hawks tó darí ẹ̀ fẹ́ kí àwọn òṣèré máa já lu ọ̀rọ̀ ara wọn ni, ẹnì kan ò ní tíì sọ tiẹ̀ tán tí ìkejì á ti bẹ̀rẹ̀, ìkẹta náà á tún dá sí i, fíìmù oníṣẹ́jú 92 sì ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ tó ti fíìmù méjì. Ẹ wá fi ariwo ẹ̀dà àtijọ́ tó ń dún ṣáá-ṣáá-ṣáá kún un, kí lèèyàn fẹ́ gbọ́ níbẹ̀? Àǹtí mi ni mò ń wá a fún, àbúrò màmá mi, etí wọn ti wúwo díẹ̀, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ máa hàn nísàlẹ̀ kí wọ́n tó lè gbádùn ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀fẹ́ yẹn ò sì ní i, àwọn tó ní i gan-an, kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tí Grant ò sọ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀.

Bí mo ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò rèé. Mi ò jókòó ti gbogbo ẹ̀, tani ó ráyè ẹ̀. Mo kọ́kọ́ máa ń wo iye ìṣẹ́jú, tí kò bá ti tó 92 bí ẹni pé wọ́n gé nǹkan kúrò, mo ti kọjá nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo máa lọ síbi tí Walter (Grant nìyẹn, ọ̀gá ilé ìwé ìròyìn), Hildy oníròyìn ẹ̀ àti Bruce tó fẹ́ fẹ́ Hildy ti jọ ń jẹun ní ilé oúnjẹ, kí n gbọ́ bóyá ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá yàtọ̀. Ìdánwò gidi wá wà nínú yàrá àwọn oníròyìn lápá ìparí, Earl Williams tí wọ́n fẹ́ yẹgi fún ti wà nínú tábìlì níbi tí wọ́n fi í pa mọ́ sí, Walter ń pariwo sínú fóònù kan, Hildy ń tẹ̀wé, Bruce dúró síbẹ̀ ó ń bẹ Hildy pé kó jẹ́ kí àwọn lọ wọ tíréènì, Hildy ò tiẹ̀ gbọ́ nǹkan tó ń sọ. Ẹ̀dà tí mi ò bá ti lè mọ ohùn ta ni èwo níbẹ̀, mo ti pa á dé.

Ìdí tí mo fi ń wonkoko mọ́ ohùn báyìí ni pé látorí ohùn ni Hildy ti di obìnrin. Eré orí ìtàgé kan tó ti wà láti 1928 ni wọ́n mú u jáde látinú ẹ̀, The Front Page, Ben Hecht àti Charles MacArthur ló kọ ọ́, ọkùnrin sì ni Hildy Johnson níbẹ̀. Hawks fúnra ẹ̀ máa ń sọ pé ìgbà tí òun gbọ́ tí obìnrin kan ń ka ọ̀rọ̀ Hildy sókè ni òun rí i pé ó dùn ju ti ọkùnrin lọ, ni wọ́n bá sọ Hildy di ìyàwó tó ti kọ Walter sílẹ̀, tó fẹ́ lọ fẹ́ Bruce oníṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó wá láti Albany. Nǹkan kékeré tí wọ́n yí nìyẹn, gbogbo eré ló yí padà!

Ta ló máa wá ṣe Hildy? Wọ́n fi lọ Katharine Hepburn, wọ́n fi lọ Claudette Colbert, Ginger Rogers, Irene Dunne, Jean Arthur, kò sẹ́ni tó gbà. Rosalind Russell tí wọ́n wá yá lọ́wọ́ MGM, ilé iṣẹ́ fíìmù mìíràn, ní inú tíréènì lòun wà tóun kà á nínú ìwé ìròyìn pé òun kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́, inú bí i débi pé ó fi irun tútù lọ pàdé Hawks. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn jàre. Ó tún rò ó pé ọ̀rọ̀ tó dáa jù, Grant ni wọ́n kọ ọ́ fún, ó bá fi owó ara ẹ̀ háyà ẹnì kan tó ń kọ ìpolówó ọjà kó máa bá òun kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, yóò wá mú un wá sí sẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ṣàdédé ronú kàn án. Grant fura, ó wá di pé láràárọ̀ ló ń bi í pé kí ló mú wá lónìí. Grant yìí kan náà ló mú un mọ Frederick Brisson tó padà fẹ́ ní 1941, òun náà ló ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó níbi ìgbéyàwó yẹn.

Ralph Bellamy ló ṣe Bruce, òun àti Grant ti ṣerú ẹ̀ rí ní The Awful Truth ní 1937, níbẹ̀ náà obìnrin bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Nígbà tí Walter fẹ́ ṣàpèjúwe Bruce fún ẹnì kan, ó ní ó jọ ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń ṣe fíìmù, Ralph Bellamy. Ọ̀rọ̀ yẹn ń yára kọjá ni o, nínú ẹ̀dà burúkú ẹ ò ní gbọ́ ọ rárá.

Èyí tí mo wá rà ni ti Criterion, ilé iṣẹ́ tó máa ń tún fíìmù àtijọ́ gbé jáde, tó jáde ní January 2017, Blu-ray méjì nínú páálí kan, ó sì ní ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún àwọn tí etí wọn wúwo. Ẹ ṣọ́ra ṣá tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà lẹ fẹ́ rà, agbègbè A ni wọ́n kọ ọ́ fún, ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní ìlú ọba níbí, àti ní Nàìjíríà náà, agbègbè B ni, ẹ ti dísìkì bọ̀ ọ́ kò ní da yín lóhùn. Mo ti ní ẹ̀rọ tó ń gba gbogbo agbègbè tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni ò fi dà mí láàmú. Ìdánwò yàrá oníròyìn ni mo kọ́kọ́ ṣe fún òun náà. Mo gbọ́ fóònù, mo gbọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo gbọ́ Bruce tó ń ráhùn lẹ́yìn wọn.

Àǹtí wò ó délẹ̀. Níbi tí Joe Pettibone mú ìwé ìdáríjì gómìnà dé, tí olórí ìlú àti ṣẹ́ríìfù ní kó máa lọ, pé àwọn ò rí i, torí ìbò tó ń bọ̀, wọ́n ní kí n dá a dúró kí n tún un fi, wọ́n rẹ́rìn-ín dé omijé. Billy Gilbert ló ṣe ọkùnrin yẹn, tẹ́ ẹ bá ti wo Snow White ti Disney, òun náà ló ń sín níbẹ̀.

Dísìkì kejì ni The Front Page ti 1931, tí Lewis Milestone darí, Adolphe Menjou ni Walter, Pat O'Brien ni Hildy. Wọ́n tún un ṣe dáadáa, àwòrán ẹ̀ mọ́, àmọ́ ọkùnrin méjì tó ń jà nítorí iṣẹ́ ò lè gbóná tó tọkọtaya tó ti kọra wọn. Mo ka ìyẹn sí èènì. Àǹtí ò wò ó, wọ́n ní kí n tún ti Russell bọ̀ ọ́.