Adìẹ Yín Ò Tíì Yéyin: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Dúró Dè É Láì Ba Nǹkan Jẹ́

Kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan kan rárá, ẹ kọ́kọ́ mọ iye ọ̀sẹ̀ tí adìẹ yín ti lò láyé. Kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ rò lórí o, èyí tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Àìmọye èèyàn ló ti sọ fún mi pé "adìẹ mi ti pé oṣù mẹ́fà, kò yé," tá a bá wá jókòó ṣírò ẹ̀, oṣù mẹ́rin àti díẹ̀ ni. Ẹni tó ń dúró de nǹkan, ọjọ́ kì í tètè lọ lójú ẹ̀. Tèmi, ṣọ́ọ̀kì ni mo máa ń fi kọ ọjọ́ tí wọ́n jáde nínú ẹyin sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé adìẹ, lọ́wọ́ inú, kí òjò má bàa fọ̀ ọ́. Ìwé á sọnù, fóònù á bàjẹ́, ilẹ̀kùn ń bẹ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti dàgbà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà wọ́n, ẹ bi ẹni tó tà wọ́n, kẹ́ ẹ wá yọ ọ̀sẹ̀ méjì kúrò nínú ohun tó bá sọ, torí kò sẹ́ni tó ń ta adìẹ tó máa sọ pé ó ṣì kéré.

Àwọn tí wọ́n ṣà sọ́tọ̀ torí ẹyin nìkan, àwọn tí ara wọn fúyẹ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 ni púpọ̀ nínú wọn ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ńlá tó wúwo lè dé ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Ti ìbílẹ̀ tó ń dá jẹ̀ kiri lè ju oṣù mẹ́fà lọ dáadáa. Àwọn tó tiẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan lè ti máa yé kí ìkejì ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, ẹ má wá máa fi wọ́n wé ara wọn bí ọmọ iléèwé.

Ohun tẹ́ ẹ máa wò

Ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ kà yẹn, ó kàn ń sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wò ni. Ogbe orí adìẹ ló máa sọ ìyókù. Tó bá ṣì jìnnà, ogbe yẹn á kéré, á ṣì bí ètè ẹni tí ara ẹ̀ ò yá. Tó bá ń sún mọ́, á nípọn, á pọ́n, awẹ́ méjì tó wà lábẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ á fà sílẹ̀, ojú ẹ̀ pàápàá á pọ́n yòò. Ohùn ẹ̀ á yí padà, kò ní máa ké bí ọmọ adìẹ mọ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí kọ̀rọ̀, á wọ inú ìtẹ́, á fẹsẹ̀ tú koríko ibẹ̀, á tún jáde bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.

Èyí tí mo gbà gbọ́ jù ni ìlóṣòó. Ẹ na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀. Tó bá sá, ẹ máa bá tiyín lọ. Àmọ́ tó bá lóṣòó, tó fẹ apá méjèèjì díẹ̀, tó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọin-in bíi pé àkùkọ ló fẹ́ gùn ún, ó ti dé tán nìyẹn, lọ́dọ̀ tèmi kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ wá àkùkọ kiri o, adìẹ ò nílò àkùkọ kó tó yé, ẹyin tó máa pa ọmọ ló nílò ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dájú lè fọwọ́ kàn án lálẹ́ tí wọ́n bá ti wọ̀. Ẹ gbé e mọ́ ìhà, kẹ́ ẹ fìka wá eegun méjì tó ṣe ṣóńṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìka kan ló gba àárín wọn, ó ṣì kù, tó bá gba méjì sí mẹ́ta, ó ti ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé alaalẹ́ ni wọ́n ń gbé adìẹ wò, ẹ̀rù á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ba adìẹ tí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn, ìdààmú yẹn gan-an sì lè dá ẹyin dúró.

Oúnjẹ, ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí torí ibí ni mo ti rí wàhálà jù.

Orúkọ ara àpò ló ń tan èèyàn. Wọ́n á rí "lèyà" lára ẹ̀, wọ́n á ní áà, ohun tó ń jẹ́ kó yé nìyí, tí mo bá tètè fún un á tètè yé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oúnjẹ lèyà kì í mú adìẹ yé, adìẹ tó ti ń yé ló ń gbé dúró. Ohun tó fi yàtọ̀ sí gírówà, ìyẹn oúnjẹ adìẹ tó ṣì ń dàgbà, jù ni kálísíọ̀mù. Ti lèyà máa ń wà ní nǹkan bíi 3.5 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún, ti gírówà ò ju nǹkan bíi 1 lọ. Èèpo ẹyin ni gbogbo kálísíọ̀mù yẹn wà fún. Adìẹ tí ò tíì ní ẹyin tó máa fi èèpo bò, kíndìnrín ẹ̀ ló máa máa lé e jáde lójoojúmọ́, á ṣe é títí, á sì bàjẹ́.

Ẹnì kan wà tí mo mọ̀, ọ̀sẹ̀ kẹjọ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tiẹ̀ ní lèyà, méjìlá ni wọ́n. Ó ń fi wọ́n yangàn pé òun ń tọ́jú wọn dáadáa. Nígbà tí mo débẹ̀, omi lásán ni ìgbẹ́ wọn, ó funfun bí ẹfun tí wọ́n pò, ó lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ìdí wọn. Mẹ́ta kú kí ìkankan nínú wọn tó yé. Ẹni tó ta òròmọdìẹ fún un ló ń bú o, kò gbà pé oúnjẹ ni títí di òní.

Àwọn tó ń pẹ́ jù náà wà. Adìẹ á ti máa yé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gírówà ni wọ́n ṣì ń dà fún un torí àpò ò tíì tán. Inú eegun ara ẹ̀ ni adìẹ yẹn á ti máa yọ kálísíọ̀mù. Ẹ máa kọ́kọ́ rí i lára ẹyin: èèpo á fẹ́lẹ́, tàbí kó má tiẹ̀ léèpo rárá, á rọ̀ lọ́wọ́ bíi ọ̀rá tí wọ́n bu omi sí. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ẹsẹ̀ á máa ro ó.

Nítorí náà, tèmi ni pé gírówà ni títí dìgbà tí mo bá rí ogbe pípọ́n àti ìlóṣòó pa pọ̀, tàbí ẹyin àkọ́kọ́, èyí tó bá ṣáájú. Ogbe nìkan ò tó o. Tí mo bá ti rí i, mi ò kí ń yí i lójijì, torí adìẹ máa ń wo oúnjẹ tuntun bíi pé májèlé ni. Ife ìwọnkan kan náà ni mo fi ń wọ̀n ọ́n (agolo mílíìkì àtijọ́ ni tèmi, ó dáa ju ife tí wọ́n ń tà lọ): ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, agolo lèyà kan sí gírówà mẹ́ta, ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, méjì sí méjì, ọjọ́ méjì míì, lèyà mẹ́ta sí gírówà kan, lẹ́yìn náà lèyà nìkan. Ọ̀sẹ̀ kan, ó parí.

Tó bá wá jẹ́ pé àwọn kan ti ń yé, àwọn kan ò tíì yé, tí gbogbo wọn sì jọ ń jẹun ńkọ́? Ẹ má ṣe lèyà. Ẹ fi gbogbo wọn sílẹ̀ sórí gírówà, kẹ́ ẹ wá gbé ìkarawun lílọ̀ sínú abọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tó nílò ẹ̀ á jẹ ẹ́, èyí tí ò nílò ẹ̀ á kàn ṣá a lẹ́ẹ̀kan, á fi í sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pò ó mọ́ oúnjẹ, ẹ ti fipá mú gbogbo wọn jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ ti padà síbi tá a ti ń sá bọ̀. Ẹni tí ò rí ìkarawun rà, èèpo ẹyin náà dáa, ẹ sá a kó gbẹ, kẹ́ ẹ gún un kúná débi tí ẹnikẹ́ni ò fi ní mọ̀ pé ẹyin ni tẹ́lẹ̀. Ẹ má ju ìlàjì èèpo sí wọn o, ṣe lẹ̀ ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹyin. Òkúta wẹ́wẹ́ tí adìẹ ń ṣà jẹ, iwe ló ń fi lọ oúnjẹ, ìyẹn ò rọ́pò ìkarawun.

Àgbàdo ńkọ́, àjẹkù inú ilé ńkọ́? Díẹ̀, nírọ̀lẹ́. Adìẹ tó fi àgbàdo yó á sanra, ọ̀rá á kún inú ẹ̀, ẹyin á pẹ́. Omi nìkan ni mi ò fi ìwọ̀n sí, torí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹyin, omi ni. Abọ́ omi tó dojú dé láàárọ̀ tí wọn ò rí títí ìrọ̀lẹ́, ó lè dá ẹyin dúró fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìtẹ́

Èyí ò le. Ohun tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 níbùú àti lóròó ti tó, ọ̀kan fún adìẹ mẹ́rin, ní kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn díẹ̀. Kó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó yé, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dúrọ́ọ̀ àtijọ́, báàfù oníke, apẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ṣeé lò. Kátọ̀nù ò wọ́nwó àmọ́ ó máa ń rọ, iná ara adìẹ sì máa ń sá pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, èmi kì í lò ó. Ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kẹ́ ẹ gbé e ga ju igi tí wọ́n ń wọ̀ sí lọ. Adìẹ, ibi tó ga jù ló máa sùn sí, ibi tó bá sùn sí ló máa yàgbẹ́ sí.

Ẹ fi ẹyin ayédèrú kan sínú ẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n á máa yé sí. Mo ti lo ti igi, mo ti lo òkúta rogodo, àmọ́ bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ló dáa jù, kì í fọ́, ó rọrùn láti fọ̀.

Ní ti iná, níbi tí ọjọ́ ti máa ń kúrú gan-an lásìkò òtútù, adìẹ lè dá ẹyin dúró títí ìmọ́lẹ̀ á fi padà, torí wákàtí 14 sí 16 ni ara ẹ̀ ń fẹ́. Gílóòbù kékeré láàárọ̀ kùtù ń yanjú ẹ̀. Ẹ má tàn án fún èyí tí ò tíì tó ọ̀sẹ̀ 16, tó bá yé láìtọ́jọ́, ìdí ẹ̀ lè yọ síta.

Tí kò bá yé síbẹ̀

Ẹ rí i dájú pé kò tíì yé ná. Mo ti bá ẹnì kan tọ adìẹ ẹ̀ lẹ́yìn rí, adìẹ tó ti ń ṣépè fún láti oṣù kan. Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ó yọ́ gba ẹ̀yìn páànù tí wọ́n fi ti ògiri, a dúró, ó jáde, ó ń ké kà-kà-kà bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ. Ẹyin mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bá irú ẹ̀, ẹ kó wọn sínú omi: èyí tó sùn sílẹ̀ gbalaja ṣì tuntun, èyí tó nàró ti ń pẹ́, èyí tó léfòó, ẹ gbé e jù. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ má ṣílẹ̀kùn fún wọn kí ọ̀sán tó pọ́n, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, torí àárọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń yé. Wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń yé sínú ìtẹ́.

Ẹ tún wo ìyẹ́ ọrùn àti ti ẹ̀yìn ẹ̀ nítòsí ìrù. Tó bá gùn, tó ṣe ṣóńṣó, tó ń dán, kò ní yé láéláé, àkùkọ lẹ̀ ń bọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gbọ́n.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ń pa á. Obìnrin kan láàárín àwọn tá a jọ mọra pa tiẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹrìnlélógún, ó ní agàn ni. Nígbà tá a la inú ẹ̀, ẹyin ló tò síbẹ̀ bí ìdì èso, gbogbo ẹ̀ pupa lásán tí ò tíì léèpo, èyí tó tóbi jù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti inú ẹyin gidi, èyí tó tẹ̀ lé e kéré sí i, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé èyí tó dà bí hóró ọkà bàbà. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ mọ́. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ sí í wá àrùn àfi tó bá kọjá oṣù mẹ́jọ, ìgbà yẹn ni mo máa tan tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ wo abẹ́ ìyẹ́ ìdí ẹ̀ bóyá iná ara adìẹ ń mu ún lẹ́jẹ̀, tí mi ò bá rí nǹkan kan, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko nítorí aràn.

Tó bá wá yé, ẹ má retí ẹyin ńlá. Ti àkọ́kọ́ máa ń kéré, ó lè ní ìlà ẹ̀jẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lára, ó lè má ní pupa nínú rárá, tàbí kó ní méjì. Ẹyin kan sì ń gba nǹkan bíi wákàtí 25 kó tó jáde, torí náà tó bá yé láago mẹ́jọ lónìí, lọ́la á lé díẹ̀, ọ̀túnla á tún lé sí i, tó bá yá á fo ọjọ́ kan. Kò tíì dáwọ́ dúró o, ẹ má yí oúnjẹ padà. Ẹyin àkọ́kọ́ yẹn, ẹ gbé e kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, torí èèpo ẹ̀ lè fẹ́lẹ́, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ fọ́ wọ́n á tọ́ ọ wò. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀ títí èyí tó kẹ́yìn á fi yé.