Ọ́pdéètì bráúsà kì í ṣe ọ̀rọ̀ “ó di ọ̀la”: àṣìṣe tí mò ń rí ní Ìkòròdú

Lóṣù tó kọjá, ìyá wa kan tí wọ́n ń ta aṣọ ní Sábó gbé láptọ́ọ̀pù wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá àwọn tẹ ìwé kan jáde. Mo ṣí Chrome, bráúsà tí wọ́n fi ń wo ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé igun òkè lápá ọ̀tún ti pọ́n wẹ̀. Mo ní, “Mọ́mì, bráúsà yín ń ké o. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ jẹ́ kóun gba ọ́pdéètì.” Wọ́n ní, “Ọmọ mi, fi í sílẹ̀ jàre. Dátà ni wọ́n fẹ́ fi jẹ. Ṣebí ó ṣì ń ṣiṣẹ́.”

Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Gbólóhùn yẹn ló bí gbogbo àṣìṣe tó kù. Ilẹ̀kùn tí ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ olè náà ṣì ń ṣí, ó ṣì ń tì, onílé ò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan lára rẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kan á fi mọ́ bá a.

Ẹ má ṣe rò pé torí ẹwà ni wọ́n ṣe ń gbé ọ́pdéètì jáde. Lóòótọ́, ìgbà mìíràn wà tí wọ́n máa ń yí àwọ̀ padà tàbí kí wọ́n gbé bọ́tìnnì kan kúrò níbi tó wà, ìyẹn sì máa ń bí èèyàn nínú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe kókó nínú rẹ̀ ni dídí ihò, ìyẹn àṣìṣe inú bráúsà tí olè lè gbà wọlé. Èèyàn ló kọ kóòdù bráúsà, ìyẹn àwọn àṣẹ tó ń mú un ṣiṣẹ́, ó sì pọ̀ lọ súà. Kò sí ògiri tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní lanu níbì kan. Ìdíje tó wà níbẹ̀ ni ta ló máa kọ́kọ́ rí ibi tó ti lanu, bóyá bíríkìlà ni àbí alángbá.

Mo máa ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2023 ṣàlàyé fáwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ ààbò Apple àti àwọn olùwádìí Citizen Lab ti Yunifásítì Toronto ní Kánádà ta Google lólobó pé ihò kan wà nínú ohun tí bráúsà fi ń ka WebP, irú àwòrán kan tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni ibi lè ṣe àwòrán kan tó jẹ́ pé bí bráúsà bá ti fẹ́ fi í hàn, ohun tó wà nínú rẹ̀ á kún kọjá ààyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un nínú mẹ́mọ́rì, á sì ṣàn wọ ibi tí kò yẹ kó dé. Láti ibẹ̀, ẹni tó ṣe àwòrán náà lè bẹ̀rẹ̀ sí pàṣẹ. Ẹ ò tẹ nǹkan kan. Ẹ ò dáúnlóòdù nǹkan kan. Ojú ewé tí àwòrán náà wà lẹ kàn ṣí. Google gbé àtúnṣe jáde ní ọjọ́ 11, Firefox, bráúsà mìíràn, ṣe tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Google sì sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn kan ti ń gba ihò náà wọlé kí àtúnṣe tó dé.

Ìdí tí Firefox náà fi kó sí i ni pé àwọn bráúsà wọ̀nyí kì í dá gbogbo nǹkan wọn ṣe. Ọ̀kan náà ni ohun tí wọ́n jọ ń lò láti ka WebP, bí ìgbà tí gbogbo ilé tó wà ládùúgbò bá ra àgádágodo lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé “Chrome kọ́ ni mò ń lò, ọ̀rọ̀ náà ò kàn mí,” ń tan ara rẹ̀. Kóòdù Chromium kan náà ni Chrome, Edge, Opera àti Brave dúró lé lórí.

Èyí tó léwu jù nínú gbogbo rẹ̀ rèé, kì í sì í hàn sí èèyàn. A máa ń rò pé tí àtúnṣe bá ti jáde, ewu ti lọ. Fún ẹni tó ti gbà á, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ẹni tí ò tíì gbà á, ìgbà yẹn gan-an ni ewu ṣẹ̀ṣẹ̀ gbèrú. Kóòdù Chromium wà ní ìta gbangba, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Bí àtúnṣe bá ti wọlé, olè tó mọṣẹ́ á gbé kóòdù àná sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòní, á wo ibi tí wọ́n yí padà, á sì mọ ibi tí ihò wà gẹ́lẹ́. Kò tún ní í ṣe wàhálà wíwá ihò mọ́. Àwọn tó ní “ó di ọ̀la” ló kù tó ń wá. Google mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í tú àlàyé ihò síta títí ọ̀pọ̀ èèyàn á fi gba àtúnṣe, tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ sí gbé àtúnṣe ààbò jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí igun pupa yẹn. Àwọ̀ ewé níbẹ̀ túmọ̀ sí pé àtúnṣe ò tíì pé ọjọ́ méjì tó jáde. Àwọ̀ ọsàn, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin. Pupa, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí ìyá aláṣọ ò sì mọ̀ ni pé Chrome orí kọ̀ǹpútà ti máa ń fa àtúnṣe náà wálẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó fi àwọ̀ yẹn hàn. Dátà tí wọ́n ń ṣọ́ ti lọ tipẹ́! Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí bráúsà kú kó sì tún jí, kí àtúnṣe lè wọ̀ ọ́ lára. Àwọn ọmọ LASUSTECH, yunifásítì tó wà ní Ìkòròdú níbí, tó ń wá sọ́dọ̀ mi jẹ̀bi èyí gan-an. Wọn kì í pa láptọ́ọ̀pù. Wọ́n á kàn pa á dé, wọ́n á kì í sínú báàgì, wọ́n á tún ṣí i lọ́la pẹ̀lú ogójì ojú ewé tí wọ́n ò fẹ́ kó sọnù. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ tẹ Relaunch, àwọn ojú ewé yẹn á padà wá. Èyí tó wà nínú Incognito, ibi tí bráúsà kì í ti tọ́jú ìtàn ibi tẹ́ ẹ lọ, nìkan ni kò ní padà, ìkọ̀wé inú fọ́ọ̀mù tí ẹ ò tíì fi ránṣẹ́ náà sì lè lọ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ parí fọ́ọ̀mù.

Ti fóònù tún yàtọ̀. Ẹ lọ wo ètò inú Play Store yín: lórí ọ̀pọ̀ fóònù, orí “Wi-Fi nìkan” ni ọ́pdéètì wà. Mélòó nínú wa ló ní Wi-Fi nílé ní Ìkòròdú? Fóònù á máa dúró de ohun tí kò ní í dé láéláé. Ẹ yí i padà, tàbí kẹ́ ẹ máa fọwọ́ ara yín ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Dátà òru wà tó dínwó. Bẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má fo Android System WebView torí pé ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ áàpù ń lò nígbà tí wọ́n bá ṣí ojú ewé nínú ara wọn.

Wàyí o, ẹ má gba ọ́pdéètì lọ́wọ́ àjèjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Ìgbógbó, ó ní, “Bọ̀dá, mo ṣe ọ́pdéètì tẹ́ ẹ ní ká máa ṣe. Àtìgbà yẹn ni Facebook mi ti ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀.” Ó dùn mí dọ́kàn, torí ìmọ̀ràn mi ló fẹ́ tẹ̀ lé. Ibi tó ti ń wá bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ wò ni ojú ewé kan ti jáde tó ní bráúsà rẹ̀ ti gbó, ó sì dáúnlóòdù ohun tí wọ́n gbé sí i lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi gbólóhùn kan kún ìmọ̀ràn mi: ojú ewé kankan ò ní agbára láti ṣe ọ́pdéètì bráúsà yín. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì mẹ́ta (⋮) tó tò lórí ara wọn lápá ọ̀tún, kẹ́ ẹ lọ sí Help, lẹ́yìn náà About Google Chrome. Lórí fóònù, Play Store. Lórí iPhone, ọ́pdéètì iOS, ètò tó ń darí fóònù náà, ló ń gbé ti Safari, bráúsà rẹ̀, wá. Ẹ má gbà á lórí WhatsApp, kódà kó jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló fi ránṣẹ́.

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ṣì wà lórí Windows 7 tàbí 8.1 ńkọ́? Chrome 109, ti oṣù Kìíní ọdún 2023, ló kẹ́yìn tó ń ṣiṣẹ́ lórí wọn. Láti Chrome 139 lọ́dún 2025, fóònù tí Android rẹ̀ kò bá tó 10 ò lè gba tuntun mọ́. Mo mọ iye tí fóònù ń jẹ báyìí, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ lọ ra òmíràn lọ́la. Ẹ fi ti àtijọ́ gbọ́ orin, ẹ fi ya fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣí báńkì tàbí ímeèlì lórí rẹ̀.

Incognito ò dí ihò kankan. Ẹni tó bá jọ ń lo ẹ̀rọ pẹ̀lú yín ló ń fi ìtàn ibi tẹ́ ẹ lọ pamọ́ fún. Àmì àgádágodo ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́sì ojú ewé náà ò sọ pé olóòótọ́ ló ni ojú ewé, kìkì pé ẹnikẹ́ni ò lè yọjú sí ọ̀rọ̀ yín lójú ọ̀nà. Chrome ti yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 torí pé àwọn èèyàn ń ṣì í lóye.

Tí ẹ bá ti tẹ ọ́pdéètì irọ́, ẹ má jókòó máa wò ó bóyá nǹkan kan máa ṣẹlẹ̀. Ẹ pa dátà àti Wi-Fi ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ gba fóònù mìíràn tó mọ́, kẹ́ ẹ fi yí páswọ́ọ̀dù padà, ti ímeèlì lákọ̀ọ́kọ́, torí òun ni wọ́n fi ń gba àwọn tó kù. Ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí àkáǹtì náà kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ pe báńkì. Nọ́ńbà wọn wà lẹ́yìn káàdì ATM yín. Ẹ má lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì.