Lílo Dẹ́ẹ̀kì Méjì Lórí Kọ̀ǹpútà fún Ètò Rédíò

Bí orin bá parí lórí rédíò tí nǹkan mìíràn kò sì tẹ̀ lé e kíákíá, awakọ̀ tó ń ti Ọ̀fà bọ̀ ní Ìlọrin kì í dúró wò ó; yóò yí i sí iléeṣẹ́ mìíràn. Ìdí nìyí tí a fi ń lo dẹ́ẹ̀kì méjì, ìyẹn ibi méjì tí a ń gbé orin sí lójú kọ̀ǹpútà: bí èyí tó wà lórí afẹ́fẹ́ ti ń kọrin lọ, èkejì ti gbọ́dọ̀ gba orin tó kàn, kí atọ́kùn sì ti gbọ́ ọ kí ará ìlú tó gbọ́ ọ. Mixxx, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń to orin pọ̀, ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux.

Ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde ni kí ẹ kọ́kọ́ tò, kí ẹ tó ronú kan orin. Ihò kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà alágbèéká sábà máa ń ní fún ohùn tó ń jáde, bẹ́ẹ̀ méjì ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́: ọ̀kan fún ètò tó ń lọ sórí afẹ́fẹ́, ọ̀kan fún etí atọ́kùn nìkan. Ẹ wá káàdì ohùn tí wọ́n ń fi USB so mọ́ kọ̀ǹpútà, èyí tó ní ọ̀nà àbájáde mẹ́rin. Ní abala Sound Hardware nínú Preferences, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò Mixxx, ẹ fún Main, ohùn tó ń lọ sórí afẹ́fẹ́, ní ọ̀nà 1 àti 2, kí ẹ sì fún Headphones, ti etí atọ́kùn, ní 3 àti 4. Bí ẹ kò bá pín in báyìí, ohun tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò ní kọ̀rọ̀ ni gbogbo ìlú yóò máa gbọ́. Abala kan náà ni Audio Buffer wà, ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń tò sílẹ̀ kí ó tó gbé e jáde: bí ohùn bá ń ta pàpàpà bí gúgúrú nínú ìkòkò, ẹ fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dákẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé orin sí dẹ́ẹ̀kì tí kò ṣiṣẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ní àwòrán hẹ́dífóònù lára dẹ́ẹ̀kì náà, kí ẹ sì tẹ́tí sílẹ̀. Àwọn orin dàdàkúàdà àtijọ́, bí àpẹẹrẹ ti Odòlayé Àrẹ̀mú, tí wọ́n dà láti ara àwo sórí kọ̀ǹpútà, sábà máa ń ní ariwo ṣìì-ṣìì kí ìlù tó wọlé. Ibi tí ìlù tàbí ohùn ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni kí ẹ tẹ Cue sí, bọ́tìnnì tó ń sàmì sí ibi tí orin yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn wọn a tún máa lọ sílẹ̀ ju ti àwọn orin ìwòyí lọ, nítorí náà ẹ yí Gain, èyí tó ń fi kún agbára ohùn orin kọ̀ọ̀kan, sókè títí iná tó ń fi agbára ohùn hàn yóò fi dé òkè àwọ̀ ewé. Bí ó bá kan pupa, ohùn náà yóò fọ́, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́ tó bá ti jáde.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé crossfader, ọ̀pá tó ń rìn sí òsì àti sí ọ̀tún, ni gbogbo iṣẹ́ náà. Lójú tèmi, àwọn DJ òde àríyá ló yẹ jù. Lórí rédíò, àárín gbùngbùn ni mo máa ń fi í sí, tí mo sì ń fi ọ̀pá ohùn dẹ́ẹ̀kì kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́, kí n lè tú orin tuntun sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì ń rọlẹ̀. Ẹ dúró kí akọrin parí gbólóhùn. Ẹni tó bá gé oríkì ní àárín ti ṣẹ ẹni tí wọ́n ń kì, àwọn ará ilé rẹ̀ kì í sì í pẹ́ pe iléeṣẹ́.

Ẹ má tẹ Sync, bọ́tìnnì tó ń mú kí ìlù orin méjì máa rìn pọ̀, sí orin dàdàkúàdà. Kọ̀ǹpútà máa ń ka iye ìlù tó wà nínú ìṣẹ́jú kan, ó sì máa ń gbà pé iye náà kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí bá orin tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe mu dáadáa. Ṣùgbọ́n onílù dàdàkúàdà ń tẹ̀ lé ẹnu akọrin ni, ó ń sáré nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gbóná, ó sì ń rọra nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tutù. Bí ẹ bá fi ipá mú un bá orin mìíràn rìn, ṣe ni àwọn ìlù méjèèjì yóò máa gbá ara wọn lórí.

Fún ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ tan ducking lára máíkì, kí orin máa relẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti ń sọ̀rọ̀.

Oṣù Ramadan ni ìdánwò tó le jù ní Ìlọrin. Ìrun pípè fún ìṣínu kò gbọdọ̀ yá ju àkókò lọ, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Ẹ gbé e sí dẹ́ẹ̀kì kejì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, ẹ fi Cue sí ibi tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa wo àtẹ àkókò tí wọ́n ṣe fún Ìlọrin, kì í ṣe ti Èkó. Mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé ìpolówó ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé orí dẹ́ẹ̀kì tí ìrun pípè wà rí, mo sì tẹ̀ ẹ́ láìwo orúkọ tó wà lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ka orúkọ náà sókè kí n tó tẹ nǹkan. Ètò kan wà nínú Preferences tó ń kọ̀ kí a gbé orin lé dẹ́ẹ̀kì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ tan án, ṣùgbọ́n kò ní gba dẹ́ẹ̀kì tó ń dúró de àkókò sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ kírun, Auto DJ, èyí tó ń fi orin tẹ̀ lé orin fúnra rẹ̀, yóò bá yín mú un lọ. Ẹ yan Skip Silence kí ó lè fo ibi tó dákẹ́ ní òpin orin.

Fún rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì, abala Live Broadcasting ni ẹ ó ti kọ àdírẹ́sì Icecast tàbí Shoutcast, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín ohùn fún àwọn olùgbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sí. MP3 tó jẹ́ 128 kbps yóò jẹ dátà bíi MB 58 ní wákàtí kan. Ìdajì rẹ̀, 64, tó fún ètò tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná. Káàdì ohùn tó ń jẹ iná láti ara USB yóò máa ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí bátìrì kọ̀ǹpútà bá ṣì wà. Èyí tó ní okùn iná tirẹ̀ yóò kú kí jẹnẹrétọ̀ tó dìde, nígbà tí iná bá sì dé, ó lè pọn dandan kí ẹ padà sí Sound Hardware láti tún un yàn, nítorí náà ẹ so ó mọ́ UPS, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú iná pamọ́ fún ìgbà tí iná bá lọ.