Síkúrù mẹ́ta ló sọ tábìlì ráútà mi di olówó ńlá

₦140,000 ni mo ra tábìlì ráútà mi. Ráútà yìí ni ẹ̀rọ tí àwa káfíńtà fi ń gbẹ́ kòtò sára igi. Kó tó di pé ó ṣeé gbé igi lé, owó tó ti jáde lápò mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iyẹn. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé, "Ọ̀gá mi, kò sí ráútà tí kò gbà." Ọ̀rọ̀ yẹn ti sọ sí mi lọ́kàn láìmọye ìgbà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12, mo sì ń gbá itan mi níbi tí mo jókòó sí nínú ọkọ̀.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìgbógbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ igi, lábẹ́ páànù tí mo fi kún ilé. Kábọ́ọ̀dù ilé ìdáná ló ń wọlé fún mi jù, àwọn oníbàárà sì ti ń béèrè ilẹ̀kùn onífíréèmù, èyí tí wọ́n máa ń gbẹ́ kòtò sí létí igi kí pákó àárín lè wọ inú rẹ̀. Kéèyàn máa fọwọ́ di ráútà mú lórí igi tóóró, ìyà lásán ni. Ẹ̀rọ á máa yẹ̀, igi á sì bàjẹ́. Tábìlì ló yẹ iṣẹ́ náà: ráútà á dorí kodò lábẹ́, bíìtì, ìyẹn abẹ rẹ̀ tó ń yí, á yọrí sókè, èmi á sì máa ti igi kọjá níwájú rẹ̀. Káfíńtà ò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo ń wá èyí tí mo máa rà, mo rí àwọn onírin wíwúwo, mo béèrè iye wọn, mo dúpẹ́, mo kọjá. Àwọn tí wọ́n fi MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi ẹ̀rún igi tẹ̀ pọ̀, ṣe ló pọ̀, owó wọn sì rọjú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé ìtòsí ọ̀sà bíi tiwa mọ ohun tí ọ̀rinrin máa ń ṣe fún MDF tí wọn ò kun etí rẹ̀. Á fà á mu, á wú, orí tábìlì ò sì ní tẹ́jú mọ́ láéláé. Alumíníọ́ọ̀mù kékeré tí wọ́n ń gbé lé orí bẹ́ǹṣì ni mo mú.

Mo gbé rúlà irin gígùn dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé dígí lẹ fẹ́ fi í ṣe ni?" Mi ò dá a lóhùn. Mo fi ẹ̀gbẹ́ rúlà dúró lórí tábìlì, lóròó, níbùú, láti igun dé igun, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde tẹ̀ wọnú bí àwo ọbẹ̀, ibi tí ráútà máa rọ̀ sí gan-an ló sì ti tẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e padà. Èkejì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu ọmọkùnrin náà nígbà yẹn.

Wọ́n tún fẹ́ ta fẹ́ǹsì, ìyẹn ohun tí igi máa ń fara tì bó ṣe ń kọjá, olówó gọbọi kan mọ́ mi lọ́wọ́, èyí tó ní òǹkà lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ní ìyẹn ló máa jẹ́ kó bá etí tábìlì dọ́gba. Ta ló fẹ́ kó bá etí tábìlì dọ́gba? Bíìtì ń yí ni, kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Bí fẹ́ǹsì bá dagun, kò kan igi. Bó ṣe jìnnà sí bíìtì tó nìkan ni igi mọ̀. Pákó ọ̀gànwó kan tí mo fá etí rẹ̀ títí tó fi gún, tí mo gbẹ́ àyè sí láàárín kí bíìtì lè yọjú, tí mo sì fi kíláǹpù dè lọ́tùn-ún lósì, òun ni mò ń lò di òní. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti síkúrù.

Ihò pọ̀ lára pìléètì tó bá tábìlì wá, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ráútà máa ń so rọ̀ mọ́ lábẹ́, ṣùgbọ́n kò sí mẹ́ta nínú wọn tó bá ihò mẹ́ta tó wà nídìí ráútà mi mu. Mo pe ẹni tó tà á. Ó ní kí n lu òmíràn sí i, bíi pé mi ò tíì ronú kan ìyẹn. Mo wọ̀n ọ́n. Méjì nínú ihò tuntun náà máa bọ́ sí ìdajì ihò tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ni síkúrù fẹ́ dì mú níbẹ̀? Afẹ́fẹ́? Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ wíwúwo tó ń yí lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú kan ló máa so rọ̀ síbẹ̀, nítòsí ìka ọwọ́ mi.

Ó di ọjà irin ní Owódé Onírin. Mo ra alumíníọ́ọ̀mù oní-mílímítà 10, wọ́n gé e fún mi níwọ̀n pìléètì àkọ́kọ́. Nílé, mo tú rọ́bà dúdú tó wà nídìí ráútà, mo fi téèpù olójú méjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pìléètì tuntun, mo sì gba inú ihò rẹ̀ sàmì. Gbogbo ihò bọ́ síbi tó yẹ. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo pe Ìyá Ìbejì pé kó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?"

Kò tíì ṣiṣẹ́. Síkúrù tó ń di rọ́bà fẹ́lẹ́ mú kò lè la mílímítà 10 já. Mo nílò èyí tó gùn jù ú lọ, tí eyín rẹ̀ sì rí bákan náà. Mo kó ọ̀kan dání lọ sí Sábó. Onísíkúrù àkọ́kọ́ kó òmíràn lé mi lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní 3/16 ínǹṣì. Ó yí wọlé díẹ̀, ó há. Ó ní, "Síkúrù ni síkúrù, bàbá. Ẹ fi agbára sí i." Kí n fi agbára sí i! Alumíníọ́ọ̀mù ni ìdí ráútà. Ẹni tó bá fi agbára sí i ti fọ eyín inú ihò náà nìyẹn, ẹ̀rọ ti di tọ́jú-síbì-kan. Ẹlòmíràn fún mi ní èyí tó wọlé wẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tó ń mì, torí ó tín-ín-rín jù. Èyí tó ń mì burú ju èyí tó há lọ, torí ó máa tan èèyàn jẹ títí ẹ̀rọ á fi gbọ̀n ọ́n jáde.

Gbogbo onísíkúrù tó wà ní Sábó ni wọ́n fi dá mi lójú pé tàwọn ló bá a mu. Kò sí ẹyọ kan tó wọ̀n ọ́n.

Mẹkáníìkì ọ̀kadà ìsàlẹ̀ àdúgbò wa ló yọ mí. Mo ń kọjá lọ, inú ń bí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?" Mo fi síkúrù hàn án. Kò tiẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó ní, "Sípánà 8 ni wọ́n fi ń tú ẹgbẹ́ rẹ̀ lára ọ̀kadà." Ó tọwọ́ bọ agolo ọ́ìlì, ó mú bóòtì kan jáde, ó fi ìka méjì yí i sínú ìdí ráútà mi láìlo sípánà. M5 ni, ìyẹn oní-mílímítà 5, èyí tí eyín rẹ̀ fi ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá mílímítà jìnnà síra. 3/16 ti Sábó fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó o, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ jìnnà síra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó fi há nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bóòtì ọ̀kadà ní orí tó yọ gọngọ, igi sì gbọ́dọ̀ yọ̀ kọjá lórí pìléètì láìkọsẹ̀. Mo tún padà sí Owódé Onírin, mo ra M5 tí wọ́n ń fi Allen key dè, tó gùn ní mílímítà 16. Mo gbé pìléètì lọ bá tọ́nà kan, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ní Odógùnyán pé kó fẹ ẹnu ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí orí síkúrù lè rì sínú. "Ẹ padà wá lọ́la." Mo padà wá, kò sí iná. Mo tún padà wá, iná wà, ọ̀gá ò sí. Nígbà tí mo pàpà bá ọ̀gá náà, iṣẹ́ náà kò gbà tó àkókò téèyàn fi ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, owó tó gbà lọ́wọ́ mi sì mú kí n jókòó. Ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ mọ́ ọn: ó ṣe é dáadáa. Téèyàn bá fi ọwọ́ ra orí pìléètì náà, kò sóhun tó máa kọ́ ọ lọ́wọ́.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ èmi lẹ bi, ẹ má wo orí tábìlì kẹ́ ẹ tó wo ìdí ráútà yín. Ẹ tú rọ́bà rẹ̀, ẹ gbé e dání lọ sí ọjà, ẹ fi lé orí pìléètì wọn níṣojú ẹni tó ń tà á. Tí kò bá bá a mu, ẹ béèrè pìléètì tí wọn ò tíì lu. Tí wọn ò bá ní in, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n pè é.

Bíìtì ńkọ́? Èyí tí wọ́n kọ 1/4 sí lára, ìyẹn ìdá mẹ́rin ínǹṣì, mílímítà 6.35 ni. Kò lè wọ kọ́lẹ́ẹ̀tì (ẹnu ráútà tó ń di bíìtì mú) oní-mílímítà 6, yóò sì máa mì nínú 8. Ẹ wo èyí tó wà lẹ́nu ráútà yín. Bíìtì ńlá tó fẹ̀ ju ínǹṣì méjì lọ gbọ́dọ̀ rọra yí, bí 10,000 sí 12,000 ní ìṣẹ́jú kan, torí náà ráútà tí kò ṣeé dín eré rẹ̀ kù kò bá a mu. Ẹ máa ti igi láti ọ̀tún lọ sí òsì, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó gba àárín bíìtì àti fẹ́ǹsì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I pass my neighbour" kò lè gbé ráútà oní-1,600 wọ́ọ̀tì, ẹ má dán an wò. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà oní-110 sì wà lọ́jà, iná tiwa máa jó o tẹ́ ò bá ní tiransífọ́mà.

Ohun kan ṣoṣo tí mo náwó lé tí kò dùn mí ni súwíìṣì. Abẹ́ tábìlì ni ti ráútà máa ń wà, wọ́n sì máa ń tì í pa sórí "ọ́ọ̀nù". Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bí ó ṣe wù ú, ẹ̀rọ máa dákẹ́, ẹ ó fọwọ́ sí ìdí bíìtì láti gbá ẹ̀rún igi kúrò, iná á dé. Oríṣi súwíìṣì kan wà tí kì í tan padà fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ tó sì dé, àfi téèyàn bá tún un tẹ̀. Ẹ tan ráútà yín láìsí bíìtì lẹ́nu rẹ̀, ẹ pa súwíìṣì ara ògiri, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, kẹ́ ẹ tún un tàn. Tó bá gbéra fúnra rẹ̀, ẹ lọ ra súwíìṣì kẹ́ ẹ tó ra bíìtì.