Kọ̀ǹpútà púpọ̀ kọ́ ni ọ̀gá púpọ̀: àṣìṣe táwọn èèyàn ń ṣe lórí distributed, decentralized àti federated

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi. Ìgbà kan wà tí èmi àti ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pín app kan sórí kọ̀ǹpútà 3, la bá ń yangàn kiri pé tiwa ti di decentralized, kò sóhun tó lè dá a dúró mọ́. Kò pẹ́ rárá tí ẹyọ kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà yẹn fi kú, tí gbogbo app náà sì dákẹ́ lọ gbáà. Kí ló fà á? Database kan ṣoṣo (ibi tí app ń kó àkọsílẹ̀ ẹ̀ sí) làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bá sọ̀rọ̀, orí èyí tó kú yẹn gan-an ló sì wà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, kéèyàn rí kọ̀ǹpútà púpọ̀ kó rò pé ọ̀gá púpọ̀ lòun rí. Distributed ń sọ ibi tí iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀, pé kọ̀ǹpútà tó ju ẹyọ kan lọ ló jọ ń gbé ẹrù náà, tí wọ́n ń fi nẹ́tíwọ̀kì bára wọn sọ̀rọ̀. Decentralized ń sọ ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀, pé kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tẹ́ ẹ bá dáhùn ọ̀kan, ẹ ò tíì dáhùn ìkejì.

Ẹ wo Facebook. Kọ̀ǹpútà wọn ò lóǹkà, oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló wà, distributed ni dáadáa. Síbẹ̀ ní October 4, 2021, àṣẹ kan tí wọ́n pa fún kọ̀ǹpútà nígbà tí wọ́n ń tún nẹ́tíwọ̀kì wọn ṣe ló gé gbogbo data center wọn (àwọn ilé tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà sí) kúrò lára ara wọn, ni DNS wọn náà (ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí orúkọ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) bá yọra ẹ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí Facebook, Instagram àti WhatsApp ṣe wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, fún nǹkan bíi wákàtí 6. Kọ̀ǹpútà pọ̀ bí eṣú, ọwọ́ kan ló ń darí gbogbo ẹ̀. (Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé torí WhatsApp ń ti ọ̀rọ̀ yín pa kí ẹlòmíì má kà á, ó ti di decentralized. Ẹni tó lè ka lẹ́tà lọ̀tọ̀, ẹni tó ni ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ̀tọ̀.)

Irú kan tún wà tó máa ń tan èèyàn gan-an, èyí tí wọ́n pín apá kan ẹ̀ tí wọn ò pín apá kejì. Nígbà tí Napster, app táwọn èèyàn fi ń pín orin, jáde ní 1999, orin táwọn èèyàn ń gbà, orí kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn fúnra wọn ló wà, kì í ṣe tilé iṣẹ́ náà, àmọ́ àkọsílẹ̀ tó ń sọ pé orin báyìí wà lọ́wọ́ lágbájá, ọ̀dọ̀ Napster nìkan ló wà. Àwọn tó ni orin ò nílò kí wọ́n máa lé gbogbo aráyé kiri, Napster ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́, nígbà tó fi máa di 2001 wọ́n ti pa á. BitTorrent, ọ̀nà míì tí wọ́n fi ń pín fáìlì, tó jáde lọ́dún yẹn náà ní tracker níbẹ̀rẹ̀ (ìyẹn server, kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn míì lóhùn, tó ń sọ ẹni tí fáìlì wà lọ́wọ́ ẹ̀), ó dìgbà tí wọ́n fi DHT sí i (àkọsílẹ̀ kan náà, àmọ́ tí gbogbo kọ̀ǹpútà pín mọ́wọ́) kí àwọn kọ̀ǹpútà tó lè máa wá ara wọn láì béèrè lọ́wọ́ server kan pàtó. Nítorí náà, tẹ́nì kan bá ní app òun jẹ́ decentralized, ẹ má wo iye kọ̀ǹpútà rárá, ẹ wá ibi tí orúkọ àwọn èèyàn wà, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yẹ pásíwọ́ọ̀dù wò, ẹ wá ẹni tó ń gbé update jáde. Ibẹ̀ lọ̀gá máa ń sá pamọ́ sí.

Federated wá ńkọ́? Èrò àwọn kan ni pé kò sí ọ̀gá níbẹ̀. Irọ́ ni jàre, ọ̀gá ló kún ibẹ̀! Oníkálùkù ló ń jọba nínú ilé ẹ̀, wọ́n kàn jọ fẹnu kò sí èdè kan tí wọ́n á máa fi ránṣẹ́ síra wọn. Ímeèlì ni àpẹẹrẹ tó dàgbà jù tí gbogbo wa mọ̀, ẹni tó ń lo Gmail lè kọ̀wé sẹ́ni tó ń lo Outlook torí pé àwọn méjèèjì gbọ́ SMTP, èdè ímeèlì, tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ láti 1982. Mastodon, ìkànnì àjọlò kan tó jẹ́ server ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló para pọ̀ di í, náà rí bẹ́ẹ̀, ActivityPub ni èdè tiẹ̀.

Àṣìṣe tó wà ńbẹ̀ ni pé àwọn èèyàn máa ń mú server àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí láì wo ẹni tó ni ín. Ẹni tó ni server Mastodon yín lè ka ọ̀rọ̀ ìdákọ́ńkọ́ yín tó bá fẹ́, torí wọn kì í tì í pa. Ó lè dínà mọ́ server míì, kẹ́ ẹ má sì rí àwọn ọ̀rẹ́ yín tó wà ńbẹ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá kó lọ síbòmíì, àwọn tó ń tẹ̀ lé yín lè bá yín lọ, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ ti kọ máa dúró síbi tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí. Mo mọ ẹnì kan tó ti kọ̀wé sórí server kékeré kan fún ọdún mélòó kan, nígbà tó rẹ ẹni tó ni ín, ó pa á, ẹni mi ò ní backup kankan. Ẹ máa ṣe backup o.

Ẹ má sì rò pé ohun tó jẹ́ federated lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ló máa wà títí. Google Talk, app tí Google ṣe fún ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn server míì tó gbọ́ XMPP (èdè ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ kan) sọ̀rọ̀ ní 2006, nígbà tí wọ́n gbé Hangouts jáde ní 2013 láti rọ́pò ẹ̀, Hangouts ò bá àwọn yẹn sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó lérò púpọ̀ jù lè tilẹ̀kùn nígbà tó bá wù ú. Ní ti federated learning, ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dà yín láàmú, ìyẹn ń sọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ AI láì kó dátà jáde lórí fóònù yín, àárín gbùngbùn lọ̀gá sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn Bitcoin náà, ẹ fara balẹ̀. Lóòótọ́ kò sí ẹnì kan tó lè pa á látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ní January 2009, ṣùgbọ́n ní June 2014 agbára kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ pool kan ṣoṣo (ẹgbẹ́ àwọn tó jọ ń fi kọ̀ǹpútà wọn wa Bitcoin), GHash.IO, wọ ìdajì gbogbo nẹ́tíwọ̀kì, jìnnìjìnnì sì bá àwọn èèyàn. Tó bá tún jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan ló ń bá yín tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ (nọ́ńbà àṣírí téèyàn fi ń ná an), ẹ ti gbé ọ̀gá padà wọlé nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú ẹ̀, tó wá sọnù, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa pè. Àwọn kan fẹ́ decentralized, wọ́n tún ń wá customer care!

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú app tó jẹ́ distributed yìí gan-an: ẹ má lo kọ̀ǹpútà 2 kẹ́ ẹ ní ẹ ti bọ́. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá já láàárín wọn, kálukú á rò pé èkejì ti kú, yálà kí àwọn méjèèjì máa kọ nǹkan tó yàtọ̀ síra wọn, tàbí kí méjèèjì dúró. Ibi tí àwọn kọ̀ǹpútà bá ti ń dìbò lórí ohun tí wọ́n máa kọ sílẹ̀, èyí tó ju ìdajì lọ gbọ́dọ̀ wà láàyè, torí ẹ̀ ni 3 ṣe lè gba kí 1 kú, 4 náà ò lè gbà ju 1 lọ (owó ṣòfò), 5 ló lè gba 2. Tí iṣẹ́ yín ò bá sì tóbi, kọ̀ǹpútà kan àti backup tó dáa ti tó, ẹ má torí orúkọ ńlá ra ìyọnu.

Àwa náà tún tiwa ṣe lẹ́yìn ìyẹn. A fi database sórí kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a wá ń yọ wáyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lálẹ́ ọjọ́ kan láti wò ó. A yọ àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. A dá a padà, a yọ ìkejì, kò sẹ́ni tó lè wọlé mọ́, àṣé orí ẹ̀ nìkan la gbàgbé login sí.